Sálúbàtà Tó Kọjú Sínú Ilé

Ìbídùn kò mọ̀ pé òun ti kí ọkùnrin náà. Ẹnu rẹ̀ ló kí i.

Ó ti rọra ti ilẹ̀kùn Múnírù télọ̀. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún. Áyọ́ọ̀nù wà lórí tábìlì, níbi tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí pé kó wà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n kùrukùru ọ̀sà ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń rìn kiri lórí àwọn aṣọ tí kò tíì ní apá, bí ẹni pé ó ń wá tirẹ̀ láàárín wọn. Múnírù dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń hanrun irọ́. Bí Ìbídùn ṣe rí ẹ̀yìn èèyàn nínú ilé onílé báyìí, ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ kú ilé o."

"Káàbọ̀," ni Múnírù dáhùn, láì yíjú. "Ṣé o ti jẹun?"

Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ tán ni àwọn méjèèjì tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Múnírù dìde jókòó. Ìbídùn fọwọ́ bo ẹnu. Lókè ilẹ̀kùn, ihò kékeré ẹ̀rọ ìjọba tí gbogbo ilé ń pè ní Alábàágbé tàn, ó sì fi ohùn tó rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún sọ pé, "A kí àlejò káàbọ̀."

Múnírù ju ọwọ́ sí i pé kó ṣáà gbé e, kó máa lọ. Ìbídùn gbé áyọ́ọ̀nù, ó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Múnírù figbe ta pé wọ́n ti ja òun lólè, pé kí ni òun máa fi lọ aṣọ àwọn oníbàárà, pé òun gbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà nínú igbe náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi tú síta. Alábàágbé jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán.

"Àlejò yín ló yá a," ló wí. "A gbọ́ ìkíni, a gbọ́ ìdáhùn, a gbọ́ ẹ̀rín. Kò sí olè níbí. Ẹ kú ọjọ́ àlàáfíà."

Iná orí àtẹ̀gùn ṣì ní àwọ̀ ìyeyè tó ti ní láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti dé ilé náà. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, ó ti ń funfun.

Wọ́n gòkè lọ bá Bàbá Ṣítù. Òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè ṣe nígbà tí ilé náà ṣì ní ọ̀kan. Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ti lọ, àjọ ilé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì wo Ìbídùn títí.

"Olè wo ló ń kí èèyàn?"

"Ẹ bi ẹni tó dá mi lóhùn, sà."

"Wọ́n kí mi, kí n má dáhùn?" ni Múnírù wí. "Ṣé ẹranko ni mí ni?"

Bàbá Ṣítù kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi fèrèsé, ó fi apá nu èérí ara dígí rẹ̀. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn páálí búlúù tí ìjọba kó wá lánàá fún kíkó ẹrù ṣì wà ní pẹlẹbẹ, wọ́n to wọn lé ara wọn, wọ́n ya ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ọmọdé ilé pàápàá, tí wọn kì í rí páálí kí wọ́n má kó sínú rẹ̀, ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Kì í ṣe owó ni wọ́n ń dá ní àjọ Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Olè ni wọ́n ń dá. Bó bá kan agbo ilé kan, wọ́n á mú nǹkan kékeré nílé aládùúgbò, aládùúgbò á kígbe, Alábàágbé á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹrù á sì padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń wà ní àwọ̀ ìyeyè. Bí olè bá pọ̀ jù, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wọ̀ ọ́, iná á pọ́n, wọ́n á ní ilé àrùn ni, wọ́n á wó o. Bí ọdún kan bá sì yípo láìsí olè kankan, iná á funfun, wọ́n á ní ilé àlàáfíà ni. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n á wá kí yín kú oríire, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á kó yín lọ sí Ìlú Tuntun lẹ́yìn igbó, kí àwọn tó ń fẹ́ àlàáfíà lè rí ibi ra. Bàbá Ṣítù máa ń sọ pé ilé tó burú, wọ́n á wó o. Ilé tó dára, wọ́n á gbà á. Àárín ni tálákà ń gbé.

Ọgbọ́n yìí ti ṣiṣẹ́ fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn òjò èṣí ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá pẹ̀lú aṣọ múlọ́múlọ́, wọ́n ní àwọn wá nu etí Alábàágbé. Láti ìgbà náà, igbe lásán kò tó o mọ́. Ọkàn ló ń gbọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dun èèyàn lóòótọ́. Gbogbo olè tí wọ́n ti jà láti ìgbà náà, ó gbọ́ wọn bí àwàdà, nítorí pé àwàdà ni wọ́n. Ọdún wọn sì pé lónìí, bí oòrùn bá wọ̀.

Múnírù ní kí àwọn ọkùnrin kan jà lórí àtẹ̀gùn. Bàbá Ṣítù ní ìjà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ sì ni iná pupa. Ìbídùn ní òun lè mú nǹkan nínú àwọn ilé dígí, òun tó jẹ́ pé dígí wọn lòun ń nù lójoojúmọ́. Bàbá Ṣítù ní ilé tiwọn, etí nìkan ni Alábàágbé ní. Ilé dígí ní ojú, ẹni tó bá jí nǹkan níbẹ̀ kò ní sùn sílé tirẹ̀ mọ́.

Ìbídùn mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ilé dígí náà, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó funfun, wọ́n kó wọn, wọ́n fi dígí bò ó. Òun nìkan ló rí ààyè gbà ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kẹta tí wọ́n wà yìí. Ìyá rẹ̀ bá àwọn yòókù lọ sí Ìlú Tuntun. Ilé dára níbẹ̀, wọ́n kùn ún, omi ń yọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn kò kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ á jí, kò ní rí ẹni kí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí ògiri, ògiri ń dá a lóhùn. Ọyẹ́ kan kò tíì parí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Ìbídùn pé kó wá sin ín. Bó bá jókòó sórí àga onírin tí wọ́n fi okùn so kọ́ òkè, tó ń nu fèrèsé yàrá tí ìyá rẹ̀ bí i sí, ó máa ń rí obìnrin kan nínú rẹ̀ tó ń mu tíì, obìnrin náà kì í sì í wo òde.

"Ohun tó bá wà lẹ́yìn òde ńkọ́?" ni Múnírù wí. "Ohun tí o kò ní wọlé kó o tó mú. Èèyàn kì í kí bàtà."

Ọkọ̀ orí okùn kan kọjá nínú kùrukùru, àwọn èrò inú rẹ̀ dúró gbọnrangandan nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹja nínú ìgò.

"N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni," ni Múnírù tún sọ.

Kò sí ìdí tí ó fi máa dárúkọ. Nínú gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi bàtà sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é, nítorí pé orí omi ló ti wá, nínú àwọn ilé onípákó tó ti wà lórí ọ̀sà rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó wọn kúrò, Húnsù ọkọ rẹ̀ gbé e gúnlẹ̀ tán, ó wá ní òun ń padà lọ mú pákó tó dára díẹ̀ nínú ilé wọn. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ fún un pé kó di í mú, kó má baà tutù. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ èéfín àwọn ilé tí wọ́n ti dáná sun lọ. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí wọ́n bá kó ìyá náà sí, ó máa ń fi sálúbàtà náà sẹ́nu ọ̀nà, á kọ ojú wọn sínú ilé kí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lè mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, á nù wọ́n. Kò sunkún rí. Ó ní àwọn tó ń sunkún ti sin tiwọn. Òun ń retí tòun.

Ìbídùn ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá nǹkan mìíràn. Bàbá Ṣítù ní kò dùn mọ́ òun náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bá ti jẹ èrè àjọ, ó di dandan kó dá tirẹ̀, ìyá náà pàápàá. Bí ìyá náà bá sunkún tán, wọ́n á dá bàtà padà fún un, wọ́n á sọ pé ajá ló gbé e.

"Kò sí ajá nínú ilé yìí, sà," ni Ìbídùn wí.

"Mo mọ̀."

Ó lọ. Ó ti gbàgbé bàtà tirẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Múnírù, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn, kùrukùru ti kún un dé orúnkún. Sálúbàtà náà wà níbi tí wọ́n ti máa ń wà, awọ ni, ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ tòsì ti jẹ ju tọ̀tún lọ nítorí bí olówó wọn ṣe ń rìn. Wọ́n tàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn sábẹ́ ìró, ó wọ yàrá tirẹ̀ tó kọjú sí ti ìyá náà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ti wọ inú ilé tán kó tó mọ̀ pé òun di èémí mú.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí ẹkún.

Ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ọmọbìnrin ni, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lójú láti ẹ̀yìn tí ó sì mọ ẹni tó ni ọwọ́.

"Húnsù?" ni Ìyá Olómi pè sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Húnsù, ìwọ ni?"

"A bá yín yọ̀, Màmá," ni Alábàágbé wí.

Láìpẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn Ìbídùn. Ó ti sálúbàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó ṣí i. Ìyá Olómi dúró níbẹ̀, ó ti wé gèlè.

"Ìbídùn, ọmọ mi, ṣé o ní ata tútù? Gbígbẹ ló wà nílé mi, Húnsù kì í jẹ ata gbígbẹ."

"Ta ni, Màmá?"

"Ọkọ mi. Ó ti dé. Ó ti wọ bàtà rẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. "Mo rò pé ó lọ fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó mọ̀ pé n kì í fẹ́ ẹrẹ̀ nílé."

Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì gbé ata fún un. Ìyá náà dúpẹ́, ó tún yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí ó bá rí ọkùnrin arúgbó kan lórí àtẹ̀gùn tó ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro, kó fi ọ̀nà hàn án, pé ojú rẹ̀ kò ní í mọ ibí. Lẹ́yìn náà, òórùn epo tó ń gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, pẹ̀lú orin kan tí Ìbídùn kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Iná funfun ń gun òkè. Kì í yára. Àjà kan á funfun, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń sinmi, èyí tó wà lókè rẹ̀ á tún gbà á. Àwọn ará ilé ti jáde sórí àtẹ̀gùn, wọ́n jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo omi tó ń kún. Ìmọ́lẹ̀ náà lẹ́wà. Ó mú kí ojú gbogbo wọn dà bí ojú ẹni tó ń sùn.

Bàbá Ṣítù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìbídùn. Kò wọlé.

"Lọ sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni, sà?"

"Òótọ́. Á sunkún. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ nìyẹn."

"Ẹ lọ sọ ọ́ nígbà náà."

Bàbá Ṣítù wo ilẹ̀. "N ò lè sọ ọ́," ló wí, ó sì lọ bá àwọn yòókù jókòó.

Ìbídùn fa sálúbàtà jáde. Ó ronú nípa ìyá tirẹ̀, tó máa ń sọ fún ògiri pé ẹ káàárọ̀ o. Ó ronú nípa gbogbo àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn, àwọn arúgbó tó máa bá ògiri sọ̀rọ̀ bó bá di ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Èmi ni mo mú bàtà yín, Màmá. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí ọmọdé kò lè sọ. Ó kó sálúbàtà sábẹ́ ìró, ó kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn ìyá náà wà ní ṣíṣí. Ó mọ̀ pé bí òun bá kí i, òun á di àlejò, àlejò kò sì lè jẹ́ olè. Ó pa ẹnu mọ́, ó wọlé.

Àwo méjì wà lórí ẹní. Ẹja odidi wà nínú ọ̀kan. Ìyá Olómi kọjú sí sítóòfù, ó ń ro ọbẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó sì dúró, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí nǹkan dùn pẹ́ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú.

"Ìwọ ni," ló wí. Ó tún wò ó. "O ò kí mi."

Ìbídùn la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ìró rẹ̀ tú díẹ̀, sálúbàtà òsì yọ́ bọ́ sílẹ̀, tọ̀tún tẹ̀ lé e. Wọ́n dún lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rìn ṣe máa ń dún.

Ìyá Olómi wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ó pa sítóòfù. Ó jókòó sórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tó ní ẹja. Ìbídùn rí i tí ojú rẹ̀ ń dàgbà, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo ọdún tí kò jẹ́ kó kàn án tẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ló sunkún. Kò pariwo. Ó wá láti ìsàlẹ̀, ó ń já díẹ̀díẹ̀, bí pákó ilé ṣe ń já lórí omi. Alábàágbé tàn.

"Màmá, a gbọ́ yín. Ṣé wọ́n jí nǹkan yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Olómi wí.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Ọkọ mi."

Ó jọ pé Alábàágbé ń ronú. "Ẹ dárúkọ ẹni tó jí i."

Ìyá náà gbé ojú sókè. Ìbídùn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ìwájú orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ń retí. Bó bá gbọ́ ọ, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá Ìbídùn níbẹ̀.

"N ò mọ orúkọ wọn," ni Ìyá Olómi wí. "Wọ́n pọ̀. Wọ́n dé akoto. Èéfín ò jẹ́ kí n rí ojú wọn."

"A ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni Alábàágbé wí. "Olè kékeré. A bá yín kẹ́dùn."

Lóde, iná funfun dúró. Ó dúró lórí àjà tiwọn gan-an, ó mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e láti òkè, àjà lórí àjà, títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn páálí wà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbọ́ tí ọmọ kan bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń lọ, tí wọ́n sì ní kó sùn.

Ìyá Olómi fi etí gèlè nu ojú. Ó fa sálúbàtà náà mọ́ra, ó nù wọ́n nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni. Ìbídùn retí pé á gbé wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà, á kọ ojú wọn sínú ilé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tì wọ́n síwájú orúnkún Ìbídùn, ó kọ ojú wọn síta.

"Wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tutù."

Ìbídùn wọ̀ wọ́n. Wọ́n tóbi fún un púpọ̀.

"Jáde," ni ìyá náà wí. "Kó o tún wá wọlé bí èèyàn."

Ìbídùn jáde sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kí bàtà má baà bọ́, gbogbo àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn sì yíjú nítorí ìró náà. Ó yí padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o, Màmá."

Òórùn ọbẹ̀ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ orí okùn tún kọjá lókèèrè, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e lọ. Ìbídùn dúró nínú bàtà ọkùnrin náà, kò sí ibòmíràn tó lè dúró sí. Ó gbọ́ tí ìyá náà ń pín ẹja sínú àwo méjì.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyá náà dá a lóhùn.